Láti Ìbàdàn, ibo lẹ lè ní ká lọ ṣe fàájì ọlidé: inú ìlú ni àbí ìgbèríko?

Àṣàkẹ́ Bódìjà:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọlidé oṣù Kẹjọ ti dé. Èèyàn méje, ọkọ̀ Sienna kan, ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, ọmọdé mẹ́ta sì wà tí kì í jókòó sójú kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà, ibo lẹ fẹ́ràn jù, kí sì ni kéèyàn múra sílẹ̀ fún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé "gbogbo ibẹ̀ ló dáa" o.

Ọmọ Mápó:
Òkè Ìdànrè. Ọ̀rọ̀ parí.

Dírẹ́bà Ìwó Road:
Ọmọ Mápó, ṣé ẹ tiẹ̀ ka ìbéèrè yẹn? Ìyá àgbà, orúnkún, ẹ ní Ìdànrè! Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju 600 lọ kéèyàn tó dé ibi tí ìlú àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi ìsinmi márùn-ún wà lójú ọ̀nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi ìsinmi ò ní gbé ìyá pọ̀n. Gígun òkè gan-an kọ́ ló ń ba orúnkún jẹ́ jù, ìsọ̀kalẹ̀ ni, torí gbogbo ìwọ̀n ara ló ń já lé e lórí níkọ̀ọ̀kan-níkọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbé e, kó sùn sí Àkúrẹ́ mọ́jú. Nǹkan bíi kìlómítà 20 ló kù síbẹ̀. Kí ẹsẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn ní aago méje àárọ̀, torí bí àpáta bá ti gba oòrùn, ìsàlẹ̀ ló ti ń jó èèyàn, òkè náà sì ń jó o. Omi lítà méjì fún àgbàlagbà kan. Bàtà olókùn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìlà, ẹ má wọ sílípáàsì.

Ọmọ Mápó:
Ìyá lè dúró nísàlẹ̀ kí wọ́n máa jẹ àgbàdo sísun 😂

Ìyá Ìbejì:
Ẹ gbé ìyá onítọ̀hún láti Bódìjà kí wọ́n lọ ṣọ́ mọ́tò n'Ídànrè? Ẹ ṣeun o.

Ará Òkè-Ògùn:
Kí lẹ ń wá lọ títí dé Oǹdó nígbà tí Adó-Àwáyè wà? Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn tí wọ́n tún ṣe yẹn, kìlómítà 65 ni, ó ń dán. Láti Ìsẹ́yìn, Adó-Àwáyè ò tó nǹkan. Ẹ kọ́kọ́ yà síbi tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé, ẹ mú amọ̀nà ará ìlú, ẹ má dá gùn ún, torí lẹ́yìn àtẹ̀gùn tí wọ́n mọ, orí àpáta lásán lẹ ó máa tọ̀, kò sí àmì kankan. Ẹ ó rí òkúta Ìṣàgẹ̀ tó jókòó sí etí àpáta bí ẹni pé afẹ́fẹ́ á gbé e. Lẹ́yìn náà lẹ ó kan adágún Ìyáàké lórí òkè. Méjì péré ni irú adágún bẹ́ẹ̀ lágbàáyé!

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Ta ló kà wọ́n? Gbogbo ẹni tó bá ti kọ nǹkan nípa Adó-Àwáyè ló ń dárúkọ "méjì lágbàáyé", kò sẹ́ni tó ń sọ ẹni tó lọ yẹ gbogbo òkè ayé wò. Kòtò orí àpáta tó ń gba omi òjò wà káàkiri ilẹ̀ wa. Ìyáàké rẹwà, ó tó bẹ́ẹ̀. Kò nílò irọ́.

Ará Òkè-Ògùn:
Tíṣà, ẹ jẹ́ ká sinmi. Tiwa kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn kòtò yín ńkọ́?

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Pé kì í gbẹ, mo gbà. Ẹ má kàn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀ o. Ẹ fi ti ìtàn pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: etí rẹ̀ ń yọ̀, kò sì sí ohun tí ọwọ́ á dì mú.

Ohun tó yẹ kí Àṣàkẹ́ kọ́kọ́ rò ni oṣù tó wà yìí. Òkè àpáta ń fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó ń já látòkè ń fẹ́ òjò. Nígbà òjò, àpáta Ìdànrè àti ti Adó máa ń hu nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan lára, ojú ò ní tètè rí i, ẹsẹ̀ ló máa mọ̀ ọ́n. Ibi tí omi ti ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí àpáta ló pọ̀ sí jù, ibi tó dúdú jù ni kẹ́ ẹ yẹ̀ fún. Tó bá wá di oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, ilẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ọyẹ́ á ti bo gbogbo ojú ọ̀run. Èèyàn á gun òkè tán, eruku ló máa yà ní fọ́tò. Ìparí oṣù Kẹwàá sí ìdajì oṣù Kọkànlá ló bá méjèèjì mu: ojú ọ̀run mọ́, omi ṣì pọ̀, àpáta ti ń gbẹ.

Àṣàkẹ́ Bódìjà:
Kò sí ọlidé gígùn lóṣù Kẹwàá, Tíṣà. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀.

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Mo mọ̀, ọmọ mi. Nínú oṣù Kẹjọ, òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní ìhà wa níbí. Ẹ lò ó. Ẹ sá fún òkè gíga, ẹ lọ síbi omi àti ibi igbó.

Èkìtì Parapọ̀:
Ẹ gbọ́, ibi tó yẹ ìyá ni Ìkọ̀gòsì. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n á fi pàdé, èèyàn lè ki ẹsẹ̀ kan sínú èyí, ẹsẹ̀ kejì sínú ìyẹn. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, igi ṣíji bò ó, ibùsùn wà nínú ọgbà. Ẹ pè ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, kẹ́ ẹ béèrè iná, omi inú yàrá àti oúnjẹ níkọ̀ọ̀kan, torí lọ́jọ́ tí àlejò bá pọ̀, oúnjẹ lè pẹ́ wákàtí méjì. Ìṣubú omi Arinta n'Ípólé-Ìlọ́rò ò jìnnà síbẹ̀ rárá, kò sì kún fún èrò bíi ti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ló dùn mọ́ ọmọdé jù, ẹ má bà á jẹ́. Ìpele kìíní yẹn, ẹlẹ́sẹ̀ rírọ̀ pàápàá lè dé e.

Dírẹ́bà Ìwó Road:
Ìpele kìíní, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n méje ni ìpele Olúmirìn, ìṣubú omi Ẹ̀rìn yẹn, ìpele kìíní kì í sì í tẹ́ ọmọ Ìbàdàn lọ́rùn. Láti ìpele kejì lọ, gbòǹgbò igi lẹ ó máa dì mú, tẹ́ ẹ bá fi dé òkè pátápátá, ọwọ́ àti orúnkún lẹ ó fi rìn. Ẹni tó gbé ọmọ sẹ́yìn ò gbọdọ̀ kọjá ìpele kìíní.

Èkìtì Parapọ̀:
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Àwọn tó ń ya fídíò TikTok níbẹ̀ ń dúró lábẹ́ ibi tí omi ti ń já gan-an. Òkúta kékeré máa ń bá omi wá, igi náà sì máa ń bá a wá.

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo àríyànjiyàn yìí lọ. Òjò lè máa rọ̀ lórí òkè kí ìsàlẹ̀ wà ní gbígbẹ, kí oòrùn tiẹ̀ máa ràn. Ẹ máa wo àwọ̀ omi. Bó bá ti pọ́n lójijì, tí ewé àti ẹ̀ka igi tútù bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wálẹ̀, tí ariwo rẹ̀ sì yí padà, ẹ má dúró kó ẹrù. Ẹ gun ẹ̀gbẹ́ sókè, ẹ má sáré tẹ̀ lé ipa odò lọ sísàlẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Tíṣà, ẹ ti dẹ́rù bà mí báyìí.

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Ẹ̀rù yẹn ló dáa, mà.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Gbogbo yín ń sọ mọ́tò, rélùwéè ńkọ́? Àtọdún 2021 ni èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà lọ sí Èkó, ó sì ń dúró l'Ábẹ́òkúta. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, pàápàá fún òpin ọ̀sẹ̀, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kẹ́ ẹ sì dé ìdíkọ̀ ní wákàtí kan ṣáájú. Aago tí ọkọ̀ padà máa kọjá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó san owó àlọ, torí ọkọ̀ inú ọjọ́ kan ò pọ̀. Láàdẹ̀rín ni ìdíkọ̀ Abẹ́òkúta wà, ó jìnnà sí Olúmọ, ẹ fi owó takisí kún ìṣirò yín.

Olúmọ ga tó mítà 137, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè wà níbẹ̀ fún ìyá.

Ọmọ Mápó:
Ẹ̀rọ wo? Èyí tó máa ń sinmi?

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Àwọn ará Ìbàdàn! Tí iná bá wà, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó san owó. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ìyá ò ní pàdánù jù: ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun wà nísàlẹ̀-nísàlẹ̀, ojú ihò tí wọ́n ti ń lọ nǹkan ọbẹ̀ ṣì wà lára àpáta. Ẹ ní kí amọ̀nà jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì:
Ẹni tó bá dé Abẹ́òkúta tí kò yà sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, ilé ló jókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, àǹkárá tí wọ́n tẹ àwòrán àdìrẹ sí ti pọ̀ níbẹ̀. Ẹ yí aṣọ padà: tí ẹ̀yìn bá funfun ràkọ̀ràkọ̀, tí iṣẹ́ ara rẹ̀ sì dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀rọ ló ṣe é. Àdìrẹ oníko máa ń wọ inú aṣọ dé ẹ̀yìn, ojú ibi tí wọ́n ti so ó sì máa ń kákò díẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun tútù ra igun rẹ̀ kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń ṣí tó. Ó máa ṣí díẹ̀. Tó bá ṣí jù, wọn ò fọ àpọ̀jù aró kúrò lára rẹ̀.

Ará Òkè-Ògùn:
Aṣọ òfì Ìsẹ́yìn ńkọ́? Ẹ lè dúró ti ahunṣọ, kẹ́ ẹ máa wò ó bó ṣe ń ju ọ̀kọ̀ òwú.

Ìyá Ìbejì:
Iye tí wọ́n ń dá lé òfì báyìí, ká kúkú wò ó lásán 😂

Àṣàkẹ́ Bódìjà:
Ẹ dákun, inú Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bóyá kí ọjọ́ kan jẹ́ ti ilé.

Ọmọ Mápó:
Mo ti ń dúró de èyí! Ilé ìṣọ́ Bower l'Ókè Àárẹ, ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ há, ó sì ń yí po, àwọn tó ń bọ̀ nílẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí àwọn tòkè sọ̀kalẹ̀. Lókè, gbogbo páànù Ìbàdàn tó ti dípatà á tẹ́ rẹrẹ níwájú yín. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ. Gbọ̀ngàn Mápó, ti 1929, wà lọ́nà ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ilé alájà 26, ilé tó ga jù ní Nàìjíríà.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ní 1965 tí wọ́n parí rẹ̀ nìyẹn. Èkó ti kọ́ èyí tó jù ú lọ tipẹ́.

Ọmọ Mápó:
Èkó fi owó epo kọ́ tiwọn. Owó kòkó la fi kọ́ tiwa. Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀?

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Èyí tí ẹ gbàgbé ni ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, lọ́nà Ọ̀yọ́. Hẹ́kítà 1,000, adágún wà níbẹ̀, igbó tí wọn ò gé wà níbẹ̀. Ẹyẹ kan wà tí orúkọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Malimbus ibadanensis, orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi sọ ọ́, ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn kàn yà wọlé o, ẹ ránṣẹ́ ṣáájú.

Ayárabíàṣá:
Ẹ gba Ìdírókò lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin o jàre. Láti ibẹ̀ ẹ lè lọ wo Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi.

Dírẹ́bà Ìwó Road:
Ọjọ́ mẹ́ta, ọmọdé mẹ́ta, ìyá àgbà, kí wọ́n wá lọ tò ní bọ́dà? Ìwé ìrìnnà èèyàn méje, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ìwé mọ́tò tó yàtọ̀ sí ti ilé, owó sẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni irú ìrìn yẹn ń fẹ́.

Àṣàkẹ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ọjọ́ kìíní: ẹ kúrò nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ gba ọ̀nà Ifẹ̀, ẹ yà wo Ọ̀pá Ọ̀rányàn, ẹ tún gba Iléṣà lọ sí Ẹ̀rìn, ìpele kìíní nìkan, ẹ bá Ẹ̀fọ̀n Aláayè kọjá, kẹ́ ẹ sì sùn n'Íkọ̀gòsì. Ẹ ti wọ ibùsùn kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, ọ̀nà orí òkè Ẹ̀fọ̀n yẹn kì í ṣe ti òru, kọ́nà rẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ kejì, ẹ sinmi. Ọjọ́ kẹta, ẹ gba Òṣogbo padà, kẹ́ ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun. Ẹ mú owó ọwọ́ dání, POS kì í fìgbà gbogbo rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lábúlé. Ẹ wo atẹ́gùn táyà àpamọ́ náà, òun ni gbogbo ayé máa ń gbàgbé.

Èkìtì Parapọ̀:
Ẹ fi iyán Èkìtì kún ètò yẹn.

Ọmọ Mápó:
Kí wọ́n kúrò níbi àmàlà lọ síbi iyán? Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ọlidé?

Ìyá Ìbejì:
Igbó Ọ̀ṣun yẹn ni mo fọwọ́ sí fún ìyá. Ọ̀nà inú rẹ̀ ò le, òjìji wà, iṣẹ́ ọwọ́ Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger) wà níbẹ̀ fún wíwò. Owó kámẹ́rà yàtọ̀ sí owó ìwọlé, ti fídíò tún yàtọ̀, àwọn ojúbọ kan sì wà tí wọn kì í yà ní fọ́tò, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sókè. Ẹ má bu omi odò náà mu o. Ó ti pọ́n bí ẹrẹ̀ látàrí àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà.

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Kí wọ́n sì wo ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun, oṣù Kẹjọ yìí kan náà ni. Ọjọ́ tí Arugbá bá jáde, kò síbi tí wọ́n máa gbé Sienna sí.

Àṣàkẹ́ Bódìjà:
Ẹ ṣeun gan-an ni, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ fún àwọn ọ̀bọ inú igbó náà. Ṣé wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ èèyàn?

Dírẹ́bà Ìwó Road:
Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ nínú mọ́tò, kẹ́ ẹ sì yí gíláàsì sókè. Wọn ò ní dúró kẹ́ ẹ nà án sí wọn.