Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n ń tò ó, àmọ́ wọn ò ronú sí i

Àńtí Ìtàn, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. JSS 3 ni mò ń kọ́ ní Ìtàn, ọmọ lé ní ọgọ́ta nínú kíláàsì kan, ogójì ìṣẹ́jú péré sì ni píríọ́dù. Mo kọ ohun mẹ́fà tó fa ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, sójú bọ́ọ̀dù: agbára tí Baṣọ̀run Gáà fi jẹ gàba lórí àwọn Aláàfin, ìjà àwọn ìjòyè, èpè Aláàfin Aólẹ̀, ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá ní Ìlọrin, ogun Fúlàní, àti bí Dàhòmì ṣe já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ ní 1823. Mo ní kí gúrúùpù kọ̀ọ̀kan tò wọ́n, èyí tó ṣe pàtàkì jù lókè.

Ẹni tó lẹ́nu jù ló ń tò ó, àwọn yòókù ń wo ojú fèrèsé. Gúrúùpù tó pọ̀ fi èpè Aólẹ̀ ṣe àkọ́kọ́. Mo ní kí ló dé, wọ́n ní, "Èpè ọba máa ń jà, mà." Ó tán síbẹ̀. Wọ́n tún wá ń bi mí pé èwo gan-an ni mo fẹ́. Pírínsípà sì ní ariwo wa pọ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́:
Ẹ kú ìfaradà, mà. Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n jókòó ní gúrúùpù. Kí oníkálukú kọ́kọ́ tò ó sínú ìwé tirẹ̀, láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, méjì méjì. Lẹ́yìn náà, mẹ́rin mẹ́rin, ó tó. Ẹni tó ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣòro fún láti sọ pé "èmi ò gbà". Páálí ìndómì ni mo máa ń gé ṣe káàdì, ohun kan lórí káàdì kan. Òfin kan ṣoṣo ló wà: o ò gbọ́dọ̀ gbé káàdì kúrò nípò láìsọ "torí pé".

Bàbá Tíṣà, Ọ̀yọ́:
Àńtí, ẹ má fi ti èpè yẹn bú wọn o, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà! Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni Aólẹ̀ ṣépè. Bí wọ́n ṣe ń pìtàn rẹ̀, ó rán Àfọ̀njá àtàwọn ìjòyè ogun lọ sí Ìwéré, wọ́n yí padà sí i, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹ lọ́ba mọ́. Ìgbà yẹn ló ta ọfà, tó gégùn-ún. Ọ̀tẹ̀ ló ṣíwájú, èpè ló tẹ̀ lé e. Ẹ má sọ ọ́ fún wọn o. Ẹ ní kí wọ́n fi okùn so káàdì tó bí òmíràn pọ̀, ẹ ó rí i pé ọmọ tó gbé èpè sókè fúnra rẹ̀ ni yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tó bá sì fi í sílẹ̀ lókè pẹ̀lú ìdí tó múná, ẹ gbà fún un.

Kọ́pà Ìsẹ́yìn:
Ẹ sọ káàdì di mẹ́sàn-án. Ẹ fi ogun Òwu, òwò ẹrú àti ẹṣin tó ń ti òkè Ọya wá kún un. Kí wọ́n tò ó ní ìlà márùn-ún: ọ̀kan lókè, méjì, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀. Wọn ò ní máa jà lórí ẹni tó gba ipò kẹrin àti ìkarùn-ún, ti òkè pátápátá àti ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa jà lé lórí.

Tíṣà Ìṣirò:
Mẹ́sàn-án fún ọgọ́ta ọmọ ní ogójì ìṣẹ́jú? Kọ́pà, ó dáa o 😂. Ẹ jẹ́ ó mọ ní márùn-ún. Ìdánwò ò sì ní bi wọ́n léèrè ipò, kókó ni wọ́n ń fún ní máàkì.

Bàbá Tíṣà, Ọ̀yọ́:
Tíṣà Ìṣirò, ọmọ tó ti fi ẹnu jà nítorí kókó kan kì í gbàgbé rẹ̀ nínú họ́ọ̀lù. Àmọ́ mo gbà pẹ̀lú yín lórí márùn-ún. Àńtí, "tó ṣe pàtàkì jù" yẹn náà ti fẹjú jù. Ẹ bi wọ́n pé: èwo la bá yọ kúrò, tí Ọ̀yọ́ Ilé ì bá má tú? Tí wọ́n bá parí, ẹ yí ìbéèrè padà: èwo ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀? 1774 ni wọ́n pa Gáà, ìlú ò sì tú títí di nǹkan bí 1835. Ẹni tó bá fi Gáà ṣe àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun tó gba gbogbo ọdún yẹn.

Àńtí Ìtàn, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Èyí wọ̀ mí lára. Ti Tóyèjẹ ńkọ́, ẹni tó jẹ Kakaǹfò, olórí ogun Ọ̀yọ́, lẹ́yìn Àfọ̀njá? Ọmọ ìlú wa ni, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́:
Wọ́n á kàn gbé e sókè torí ọmọ ìlú wọn ni, mà! Ẹ fi í sí káàdì kẹfà, kẹ́ ẹ wo ẹni tó máa ní ẹ̀rí. Ní ti pírínsípà, ẹ lọ sọ fún wọn ṣáájú píríọ́dù, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá jókòó lẹ́yìn.