Kànga tí màlúù mi ń mu ti gbẹ, kúárì ní ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ni mo ti ń sin màlúù, lórí ilẹ̀ ẹbí wa. Kànga tí bàbá mi gbẹ́ ni ẹran ń mu, kò gbẹ rí, kódà nínú ọyẹ́. Ṣùgbọ́n bí ihò kúárì, ilé-iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn wa, ṣe ń jìn sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi wa ń fà sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ là ń fà báyìí. Tọ̀sán-tòru ni pọ́ǹpù wọn ń fa omi inú ihò dànù, ọjọ́ tí wọ́n bá sì yin dainamáìtì, gbogbo ilẹ̀ á mì. Ògiri inú kànga ti là.

Máníjà wọn ní ọ̀gbẹlẹ̀ ló fà á, pé àwọn gba ìwé àṣẹ l'Ábùjá, ilẹ̀ kì í ṣe tèmi mọ́. Nígbà tó yá wọ́n ní àwọn á máa gbé omi tánkà wá, àmọ́ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé kan. Àbúrò mi ní ká kó àwọn ọ̀dọ́ lọ dí ọ̀nà mọ́ tipa wọn. Màlúù ò sì gbọ́ àlàyé.

Ìyá Onímàlúù, Ọ̀fà: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má fọwọ́ sí nǹkan kan o! Nígbà ooru, màlúù ńlá kan lè mu tó lítà 50 lójúmọ́. Ẹni tó mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹran rẹ ló ń gbé bírò wá yẹn.

Ọmọ Ìgbómìnà: Ẹ dí ọ̀nà jàre. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa pè yín.

Agbẹ́kànga Òmù-Àrán: Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta yẹn àti ojú ibi tó ti sán ni omi ń wà. Bí ihò kan nítòsí bá jìn ju kànga yín lọ, tí wọ́n sì ń fà á gbẹ, omi yín á máa ṣàn lọ bá a. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ náà ń gbẹ kànga lóòótọ́, ẹ̀rí lẹ ó fi yà wọ́n. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ wọn ibi tí ojú omi wà láti ẹnu kànga, ní kùtùkùtù kí ẹnikẹ́ni tó fa omi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ wọn kànga ẹlòmíràn tó jìnnà sí kúárì náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá jọ ń lọ sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀gbẹlẹ̀ wà níbẹ̀. Bí tiyín nìkan bá ni, tàbí tó ń gòkè lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù wọn ò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò ògiri tó là. Bí wọ́n bá ní àwọn á bá yín gbẹ́ ẹ jìn sí i, ẹ rántí pé ihò tiwọn náà ṣì ń jìn.

Lọ́yà Ìlọrin: Òfin ìwakùsà ọdún 2007 fi ohun àlùmọ́ọ́nì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, kò sọ ilẹ̀ di ti kúárì. Òfin kan náà ní wọn ò gbọ́dọ̀ ba omi jẹ́, ó sì ní kí wọ́n san owó fún ohun tí wọ́n bá bàjẹ́ lórí ilẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n bá ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi baálẹ̀ bóyá ó rí ìwé yẹn. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìwakùsà n'Ílọrin, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí MIREMCO, ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ìwakùsà tí òfin dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó bá di ẹjọ́, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwakùsà. Bẹ́ ẹ bá dí ọ̀nà, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá máa kó, kànga á sì di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun. Darandaran mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rán mi létí pé nígbà tí wọ́n pa iṣẹ́ tì fún Kérésì, omi gòkè díẹ̀.

Agbẹ́kànga Òmù-Àrán: Láìsí òjò? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, kí òun náà tẹ̀ka sí i.

Ìyá Onímàlúù, Ọ̀fà: Tánkà ńkọ́? Ẹran á mu omi lónìí o.

Lọ́yà Ìlọrin: Bí wọ́n bá gbé e wá láìsí ìwé, ẹ gbà á. Tí wọ́n bá ní dandan ni kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi nìkan lẹ gbà, ẹ ò fi ẹ̀tọ́ yín sílẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá fi owó ara yín rà, ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀.