Mẹ́nù sáìtì mi ò ṣeé lò lórí fóònù, ẹ gbà mí o

aláṣọòkè_wẹ́ẹ̀bù: Ẹ káàsán o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mò ń ṣe sáìtì fún ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta aṣọ òkè n'Ísẹ́yìn, lórí láptọ́ọ̀pù ó rẹwà gan-an àmọ́ tí mo bá ṣí i lórí fóònù gbogbo ẹ̀ á kéré bíńtín, àwọn línkì méje tó wà lókè á fún mọ́ra wọn, èyí tó wá ń dà mí láàmú jù ni "Aṣọ" tí sányán, àlàárì àti ẹtù wà lábẹ́ ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ kò ṣí. Bẹ́ẹ̀ fóònù ni àwọn oníbàárà ẹ̀ ń lò. Kí ni kí n ṣe?

kóòdù_alẹ́: Wo inú head ná, ìyẹn apá òkè kóòdù ojú ìwé rẹ, ṣé meta viewport wà níbẹ̀, ìlà tó ń sọ fún fóònù bí ojú ìwé ṣe máa fẹ̀ tó, èyí tó ní content="width=device-width, initial-scale=1"? Tí ò bá sí, fóònù á ya sáìtì yẹn bíi pé ojú ẹ̀ fẹ̀ tó 980px (px ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ojú sáìtì), á wá dín in kù kó lè wọlé, ìyẹn ló fi kéré. Èyí tí ò ṣí yẹn, ó jọ pé :hover lo fi ṣe é, ìyẹn àṣẹ tó ń ṣí nǹkan tí atọ́ka máòsì bá dúró lórí ẹ̀. Máòsì ni wọ́n ṣe hover fún, ìka ò lè dúró lókè línkì láìfọwọ́ kàn án.

ìyá_ìbejì_CSS: Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ má sáré kó línkì méjèèje sábẹ́ bọ́tìnnì onílà mẹ́ta yẹn o, ọ̀pọ̀ ìyá tó ń ra aṣọ ìnáwó ò mọ̀ pé nǹkan ń bẹ lábẹ́ ẹ̀! Ẹ fi "Aṣọ" àti "Iye owó" síta, kẹ́ ẹ kọ "Mẹ́nù" gan-an sára bọ́tìnnì náà. Kó jẹ́ button gidi, kì í ṣe div tó jẹ́ àpótí lásán, kẹ́ ẹ sì máa yí aria-expanded, àmì tó ń sọ bóyá mẹ́nù ti ṣí, sí true tó bá ti ṣí, torí ibẹ̀ ni ẹni tí ò ríran tó ń fetí gbọ́ fóònù ẹ̀ ti máa mọ̀. Kó ga tó 44px ó kéré tán, àtàǹpàkò kì í ṣe abẹ́rẹ́.

dátà_wọ́n: Èmi ò ní lo JavaScript, kóòdù tó ń mú kí nǹkan máa ṣiṣẹ́ nínú ojú ìwé, síbẹ̀ rárá. Àwọn tó ń fi bùráúsà Opera Mini ṣọ́ dátà, sáfà (kọ̀ǹpútà Opera) lọ́hùn-ún ló ń bá wọn ṣí ojú ìwé kó tó fún un pọ̀ ránṣẹ́, kóòdù yín lè má ṣiṣẹ́ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Ẹ lo details àti summary, àwọn àmì HTML tí ò nílò JavaScript, wọ́n ń ṣí wọ́n ń pa dé fúnra wọn, bùráúsà tí ò bá sì mọ̀ wọ́n á kàn tú gbogbo ẹ̀ síta, oníbàárà ṣì máa rí ẹtù rà.

aláṣọòkè_wẹ́ẹ̀bù: Ẹ ṣé gan-an, "Aṣọ" ti ń ṣí. Àmọ́ tí mo bá dá fóònù dùbúlẹ̀, mẹ́nù tí mo fi position: fixed ṣe (kó lè dúró sójú kan) ń gùn kọjá ìsàlẹ̀, mi ò rí "Kàn sí wa" mọ́.

kóòdù_alẹ́: Fún un ní max-height: 100dvh, kó má ga ju ibi tó hàn lójú fóònù lọ, àti overflow-y: auto, á ṣeé fà sókè sódò. Má lo 100vh, ó máa ń ka ibi tí àdírẹ́sì bùráúsà wà mọ́ ọn, ìsàlẹ̀ á tún sá pamọ́.