Èsì: "Ọgbà aláìlómi" kẹ̀? Àì yẹn ni mi ò gbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àtàná ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, mo fẹ́ dákẹ́, ẹnu ń yún mi. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé kan lórí ọgbà àwọn ará Jàpáànù béèrè orúkọ tá a máa pe karesansui, ìyẹn ọgbà tí wọ́n fi òkúta ńlá àti òkúta wẹ́wẹ́ funfun tò láìsí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn dábàá "ọgbà aláìlómi", gbogbo yín bá ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò pa o.

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tó lọ̀rọ̀ pè é: kare ni gbígbẹ, san ni òkè, sui ni omi. Omi wà nínú orúkọ yẹn gbangba! Ẹ̀yin wá fi àì gé e dànù. Àì kì í sì ṣe ohun tá à ń fi ṣeré. Aláìlọ́mọ, aláìnítìjú, aláìmoore, ẹni tá à ń káàánú tàbí ẹni tá à ń bú la sábà máa ń fi í pè. Èwo ni ọgbà yẹn nínú méjèèjì? Ní Daisen-in, tẹ́ńpìlì kan nílùú Kyoto ní Jàpáànù, àwọn òkúta tó nàró níbẹ̀ ni omi tó ń já láti orí àpáta, òkúta wẹ́wẹ́ ló ń ṣàn gba abẹ́ afárá, òkúta kan tó rí bí ọkọ̀ ojú omi sì wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kò lómi, kí ni ọkọ̀ yẹn wá wà lórí ẹ̀?

Odò kan wà lẹ́yìn ilé ìyá bàbá mi, tó bá ti di oṣù kejì ọdún báyìí ó ti gbẹ tán, yanrìn nìkan lẹ ó rí, ṣùgbọ́n ipa omi á ṣì wà lára yanrìn yẹn ní ìlà ìlà, bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òòyà yà. Màmá á gbé garawa, wọ́n á ní "ẹ jẹ́ ká lọ sódò". Wọn ò sọ pé ká lọ síbi tí ò lómi. Tá a bá débẹ̀ a ó fọwọ́ wa yanrìn títí omi á fi máa sun jáde díẹ̀díẹ̀. Odò gbẹ, orúkọ ẹ̀ ò gbẹ, bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn. Nígbà tí mo wá rí ìlà tí àwọn àlùfáà ń fi réèkì onígi eléyín ńláńlá fà sára òkúta wẹ́wẹ́ ní Kyoto, odò Màmá ló wá sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà "ọgbà odò gbígbẹ" lèmi fà kalẹ̀. Gbẹ ń jẹ́wọ́ pé omi wà, àì ń sẹ́ ẹ.

Bùọ̀dá tó gbà pẹ̀lú mi pé gbẹ ló yẹ, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ kọ "ọgbà òkúta gbígbẹ́", ẹ fi àmì òkè lé e lórí! Ẹ ní fọ́ọ̀nù yín ló ṣe é, pé a ṣáà mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Rárá o. Gbígbẹ́ niṣẹ́ agbẹ́gilére, bẹ́ẹ̀ wọn kì í gbẹ́ òkúta yẹn rárá, bí wọ́n ṣe bá a lórí òkè ni wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀. Sakuteiki, ìwé ọgbà wọn tó ti lé ní 900 ọdún, kìlọ̀ pé òkúta tó bá ń sùn gbalaja níbi tí wọ́n ti gbé e, ẹ má gbé e nàró, ẹ má sì tẹ́ èyí tó nàró, torí ó lè fa ègún. Ẹ̀yin wá ń mú ààké bọ̀. Ká tiẹ̀ yọ àmì yẹn, òkúta wo ló ń gbẹ? Omi ló ń gbẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "ọgbà" ń rán yín létí ọgbà ẹ̀wọ̀n, pé ká sọ ọ́ di "oko òdòdó", òdòdó dà? Ní Ryoan-ji, tẹ́ńpìlì míì ní Kyoto, òkúta 15 ló wà nínú ọgbà ibẹ̀, pẹ̀lú ewéko tútù múlọ́múlọ́ tó hù sí wọn nídìí, lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi mítà 25 sí 10, ògiri amọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wọbẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ lèèyàn ń jókòó sí wò ó. Kí la tún ń pè ní ọgbà? Mo jókòó síbẹ̀ lọ́dún 2016, mo sún sọ́tùn-ún, mo sún sósì, mo ń kà, 14 ni mò ń rí ṣáá, ìkan á ti sá pamọ́ sẹ́yìn òmíràn, bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn. Àwọn kan ní ẹkùn tó ń kó ọmọ sọdá odò ni, àwọn kan ní erékùṣù inú òkun ni, ẹni tó tò ó ò sì fi àlàyé kankan sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ìtumọ̀ ẹ̀ gan-an" dà wá láàmú mọ́.

"Erékùṣù ahun" tẹ́ ẹ pe òkúta tí wọ́n kó jọ bí erékùṣù nínú ọgbà náà, ẹ tún un wò. Lójú tiwọn, ẹgbàárùn-ún ọdún ni ahun ń lò láyé, ìdí tí wọ́n fi ń kó òkúta jọ bí ahun nìyẹn, kí ẹ̀mí lè gùn. Ọmọ Yorùbá tó bá ka tiyín á rò pé erékùṣù àwọn ahun tí kì í náwó ni.

Ibi kan ṣoṣo tí mo ti bá ẹ̀gbọ́n lọ ni "òkúta àrokò". Lọ́gbà tí wọ́n ń gbà lọ mu tíì, wọ́n máa ń fi okùn dúdú di òkúta tí ò ju ìkúùkù lọ ní àgbélébùú, wọ́n á gbé e sójú ọ̀nà níbi tó ti pín. Ẹni tó bá rí i á yà síbòmíràn. Ẹni tó bá mọ màrìwò lẹ́nu ọ̀nà ò nílò àlàyé. Ìyẹn pegedé.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: òkè tó wà nínú karesansui ńkọ́, ṣebí èmi náà gé e dànù? Òótọ́ ni, mo fò ó. Ẹ bá mi wá ibi tá a máa gbé e sí, torí "ọgbà òkè-òun-odò-gbígbẹ" ti fẹ́ gùn ju ọgbà fúnra ẹ̀ lọ. Bùọ̀dá, kẹ́ ẹ tó fèsì, ẹ yọ àmì orí gbẹ.