Gíà Camry kọ̀, kò fẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gbà mí o. A ń pààrọ̀ gíà Camry mi, ọtomátíìkì ni, tòkunbọ̀ la rà ní Ládípọ̀, ó wá ku bí ìbú ìka kan kó lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, kò lọ mọ́. Mẹkáníìkì ní ká fi bóòtù fà á wọlé. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn 1: Háà, ẹ má jẹ́ kó dán an wò! Torque converter yẹn, irin rìbìtì tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, ni kò tíì jókòó sínú gíà, tẹ́ ẹ bá fi tipátipá dè é, pọ́ǹpù inú gíà ló máa fọ́, owó yín ti wọgbó nìyẹn. Ẹ sọ gíà kalẹ̀, ẹ máa yí converter lọ́wọ́ kẹ́ ẹ sì máa tì í díẹ̀díẹ̀, ó máa dún kó, kó, kó tó wọlé tán.

Ìdáhùn 2: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tún wo àwọn dowel, irin kékeré méjì tó yọ létí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ló ń jẹ́ kí méjèèjì ṣe déédéé, tó bá ti dógùn-ún ẹ fi sáńpépà nù ún. Kí jáàkì sì wà lábẹ́ gíà o, kó má fì.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣé gan-an, converter náà ni lóòótọ́! Ó ti lẹ̀ mọ́ ọn báyìí.

Ìdáhùn 1: Ó dáa. Kẹ́ ẹ tó wá de bóòtù converter, ẹ fọwọ́ yí i wò, tí kò bá yí wẹ́rẹ́, ẹ tún sọ̀ ọ́.