Ọ̀gá mi ní kí n máa parọ́ fún ẹbí olóògbé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé iṣẹ́ ìsìnkú ni mo wà, èmi ni mo máa ń jókòó ti àwọn ẹbí olóògbé. Bí wọ́n bá fẹ́ sin òkú lọ́la, tó sì wà nínú yàrá tútù, ọ̀gá á ní ká sọ pé dandan ni abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Kò sí dandan kankan níbẹ̀. Yàrá tútù tó fún ọjọ́ kan. Ti pósí tó ní rọ́bà létí ló wá burú jù: wọ́n ní òkú inú rẹ̀ kò ní jẹrà. Ṣebí inú ara òkú fúnra rẹ̀ ni kòkòrò tó ń mú un jẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀! Opó kan ń fọwọ́ pa rọ́bà náà, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé omi ò ní kàn án?” Kí n tó lanu, ọ̀gá ti dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ṣé kí n bá ọ̀gá sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ ni, àbí kí n fi tó ẹgbẹ́ wa létí? Bí ẹbí bá bi mí lójú ọ̀gá ńkọ́? Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi o.