Rìsíìtì tó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì: a ti rí ìdí rẹ̀

Ẹ̀yin ará, mo padà wá parí ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀, pé rìsíìtì kan náà ń jáde lẹ́ẹ̀mejì. Àtúnṣe kan tí a mú nínú ẹ̀dà tuntun áàpù ìtajà wa, tí a gbé sínú ẹ̀dà àtijọ́ tí oníbàárà ṣì ń lò, ló ń mú kí rìsíìtì kan náà jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Àtúnṣe náà kò ní àbùkù. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, tó ń yẹ nọ́ńbà rìsíìtì wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, la gbàgbé sẹ́yìn. Git, irinṣẹ́ tí a fi ń tọ́jú ìtàn àyípadà kóòdù, gbà á wọlé láìjanpata, ìyẹn ló tàn wá jẹ.

Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí kernel (ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) Linux 6.1.64 lọ́dún 2023: àtúnṣe ext4, apá tó ń tọ́jú fáìlì sórí díìsìkì, wọlé láìsí àtúnṣe tó gbára lé nínú iomap, apá mìíràn nínú kernel náà, ó sì lè ba fáìlì jẹ́. Debian, àwọn tó ń pín ètò Linux fún aráyé, fo ẹ̀dà wọn 12.3, wọ́n gbé 12.4 jáde pẹ̀lú kernel 6.1.66.

A ti gbé méjèèjì wọlé pọ̀, a sì dán an wò lórí ẹ̀dà àtijọ́ fúnra rẹ̀. Rìsíìtì ń jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ní kí n ka ìtàn fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ṣeun gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti rí i.